Ìgbà wo ni mo gbé ọmọ mi kẹ́yìn?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Àlàó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò tíì dá dúró rí, kò sì tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ sẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí òjìji mi yọ lẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan, ẹ̀rín á gba gbogbo ojú rẹ̀. Àlàó kọ́ ló wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ o. Oríkì rẹ̀ ni, òun ni màá sì máa pè é níbí.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ojúlé dé ojúlé ni ariwo ẹ̀rọ wa: ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, rìsíìtì, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Mo tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Méjèèjì wọ inú ohun tí mo fẹ́ sọ, ti ẹgbẹ́ aládùúrà yìí ló sì nira fún mi jù láti sọ.

Nígbà tí ìyàwó mi wà nínú oyún, àwọn ìyá àdúgbò máa ń kí i pé, "Kí òòṣà ya ọnà ire kò wá o." Onígbàgbọ́ ni wá, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ fún wa, a ó ní àmín, a ó sì fi Ọlọ́run rọ́pò òòṣà nínú ọkàn wa. Ọnà ire náà ni Ọlọ́run yà. Ọmọ wa ké bí ọmọ tuntun ṣe ń ké, ó sì fa ọmú dáadáa. Àwa la ò tètè gbé e dé ibi tó yẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, a rí i pé ẹyinjú rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Àwọn àgbà ní ibà pọ́njú ni, pé kò sí ọmọ tí kì í ṣe é, ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, ká sì máa fún un ní omi gúlúkóòsì. A ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a fi ń wé e, inú àpótí ìyá mi ló ti jáde. Káńfọ̀ ni wọ́n fi sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó fura sí káńfọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọ̀ náà ti dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, kò fa ọmú mọ́, oorun ló kàn ń sùn. Nígbà tó di alẹ́, ó fa ẹ̀yìn rẹ̀ kọdọrọ bí ọrun tí wọ́n fà, ẹkún rẹ̀ sì wá tín-ín-rín bí ohùn ọmọ ológbò. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí a bí i sí. Wọ́n ní kò séwu, ká padà wá láàárọ̀. Láàárọ̀, a ò padà síbẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ńlá la gbé e lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ojú rẹ̀ di rúsúrúsú ti wọ inú ọpọlọ.

Dókítà ló wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ohun kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ sí imú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nínú ara rẹ̀ lọ́wọ́ kan. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń retí ọmọ: ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ. Bí ojú ọmọ bá sì pọ́n láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí a bí i, tàbí tó dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí tó kọ ọmú, ẹ má ṣe dúró de oòrùn. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òru, síbi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Oṣù mẹ́fà pé, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ọdún kan pé, kò jókòó. Wọ́n pe orúkọ àìlera rẹ̀ fún wa ní ilé ìwòsàn: cerebral palsy, pé ọpọlọ tó ti farapa ni kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀. Mo ní mi ò gba orúkọ yẹn, kì í ṣe ìpín wa. Mo sì kó sínú àdúrà. Ìṣọ́ òru ọjọ́ Jimọ̀, mo wà níbẹ̀. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, mo gbà á. Ibi tí wọ́n bá ti ní Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ ìyanu, láti Èkó títí dé orí òkè àdúrà, mo ti débẹ̀. Jòhánù orí kẹsàn-án wà lórí ahọ́n mi, ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀, ọkùnrin afọ́jú yìí ni tàbí àwọn òbí rẹ̀, tí Jésù sì ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Mo ti fi ibẹ̀ wàásù rí. Síbẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú lọ bi àbúrò bàbá mi bóyá ẹnì kan wà nínú ìdílé wa tó búra èké. Bàbá náà wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyàwó mi nìkan ló ń bá ọmọ yí. Iṣẹ́ irun ló ń ṣe kí a tó bí Àlàó. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi kì í fẹ́ sọ ọ́. Ọmọ náà ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́ta nígbà tí wòlíì kan, tí kì í ṣe ti ìjọ wa, sọ fún mi pé ẹ̀mí tó di ọmọ náà mú kò ní í lọ níwọ̀n ìgbà tí ikùn rẹ̀ bá ń yó, pé kí ọmọ gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ọjọ́ kìíní kò tíì ṣú tán tí gìrì fi gbé Àlàó. Ìyàwó mi ló gbé e sáré dé ilé ìwòsàn, òun nìkan, lórí ọ̀kadà. Èmi wà lórí eékún mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run ti dárí jì mí, ìyàwó mi náà sì ní òun ti dárí jì mí. Mi ò tíì gbàgbé alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọdún 2019 ni Ìyá Ìjọ wa wá sílé wa, lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan, láìsọ tẹ́lẹ̀. Mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Wọ́n bá ìyàwó mi nídìí ìkòkò, Àlàó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún ìyá rẹ̀. Èmi wà lórí àga, mò ń yẹ Bíbélì wò fún ìṣọ́ òru ọjọ́ kejì. Ìyá jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wò wá fún ìgbà díẹ̀.

"Bàbá Àlàó, ìgbà wo lo gbé ọmọ yìí kẹ́yìn?"

Mo ní, "Mà, kò sí òru tí mi ò gbé e síwájú Ọlọ́run."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ọwọ́ ni mo wí."

Mo ronú, ronú. Mi ò rántí. Ọmọ tí mo gbààwẹ̀ tí mo fi rù hangogo nítorí rẹ̀, mi ò mọ bí ó ti wúwo tó.

Wọ́n ní kí n ṣí Bíbélì ọwọ́ mi sí Máàkù orí kejì, kí n ka ibi tí wọ́n ti gbé alárùn ẹ̀gbà wá. Mo kà á. Wọ́n bi mí pé ìgbàgbọ́ ta ni Jésù rí. Mo tún un kà: ìgbàgbọ́ wọn. Ta ni wọ́n? Àwọn mẹ́rin tó gbé e. Ìyá ní kí n wá ibi tí àwọn mẹ́rin náà ti sọ ọ̀rọ̀ kankan jáde lẹ́nu nínú ìtàn náà. Mo wá a, mi ò rí i. "Wọ́n gbé e ni," ni Ìyá wí. "Nígbà tí ọ̀nà dí, wọ́n dá òrùlé lu. Nǹkan tí Jésù pè ní ìgbàgbọ́ nìyẹn." Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyá yìí kò ka àdúrà sí. Àwọn gan-an ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbààwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ọ̀já lẹ́yìn ìyàwó mi, wọ́n sì gbé Àlàó lé mi lọ́wọ́. Orí rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, mi ò sì mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ sí. Ìyàwó mi ló bá mi tún apá mi tò, bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ìyá Ìjọ wá ẹni mẹ́rin. Àwọn fúnra wọn jẹ́ ọ̀kan. Ẹnì kejì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ẹnì kẹta jẹ́ bíríkìlà, ẹnì kẹrin sì ni ọmọdékùnrin tó ń lu àkúbà fún wa. Wọ́n pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́, Ìyá Ìjọ gbé Àlàó lọ ní aago mẹ́sàn-án. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ lo àyè náà láti fọ aṣọ. Nígbà tí mo wọlé ní aago kan, mo bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàkẹ́ẹ̀tì, aṣọ ṣì wà nínú omi, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àyà mi já. Mo fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Oorun ló ń sùn. Mo jókòó tì í títí ó fi jí, ó sì jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ń wá ọmọ kiri lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ìjọ bá fẹ́ ran òbí irú ọmọ yìí lọ́wọ́, ibẹ̀ yẹn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú oorun ìyá ọmọ. Owó dára, oúnjẹ dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ náà, tó sì gbé e fún wákàtí mẹ́rin láìpe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ẹni yẹn ti ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà kò lè ṣe.

Nọ́ọ̀sì wa ló kọ́kọ́ rí i bí ìyá ìyàwó mi ṣe ń rọ Àlàó ní ẹ̀kọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, orí á rọ̀ sẹ́yìn, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu, ẹ̀kọ á máa wọlé. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní èyí tó ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ pọ̀ nínú rẹ̀, pé òun ló fà á tí àyà ọmọ fi ń hán ní gbogbo ìgbà. Ó kọ́ wa pé kí ó jókòó gangan, kí àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí àyà, kí ẹ̀kọ nípọn, kí ṣíbí kékeré tẹ ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó jáde, kí a sì dúró kí ó gbé e mì. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ń gbà tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ti alẹ́ di tèmi. Ikọ́ náà lọ sílẹ̀ gan-an lọ́dún yẹn.

Onílù wa ló sì fura sí etí rẹ̀. Ó máa ń gbé Àlàó jókòó ti àkúbà, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé awọ ìlù, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín kèékèé. Ní ọjọ́ kan, ẹnì kan lu agogo lójijì lẹ́bàá etí rẹ̀. Gbogbo wa ta gìrì. Àlàó kò mira. A gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ohùn tó rinlẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí, èyí tó ga kì í wọ̀ ọ́. Ibà pọ́njú tó le bẹ́ẹ̀ máa ń ba etí jẹ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ bá a ṣeré, tí a sì rò pé kò sí ohun tó yé e. Ọmọ náà gbọ́n. Bí mo bá fi ohùn ìsàlẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, tí mo dojú kọ ọ́, ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó ń bí mi nínú. Ìyàwó mi kì í lọ síbi ìsọmọlórúkọ mọ́. Mo rò pé ìlara ni, títí tí mo fi fara balẹ̀ gbọ́ àdúrà wa: "A dúpẹ́ pé ọmọ pípé lo fún wa, o kò fún wa ní abirùn." Èmi fúnra mi ti gba àdúrà yẹn níwájú rẹ̀, àìmọye ìgbà, nígbà tí Àlàó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo lọ bá àlùfáà wa. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kò ní í jáde lẹ́nu wọn mọ́. Kò sì tíì jáde.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí Kòrónà, ṣọ́ọ̀ṣì tì, ibi iṣẹ́ tì, àwọn mẹ́rin náà kò lè wá mọ́. Ó ku èmi àti ìyàwó mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni mo fi di bàbá Àlàó. Mo mọ̀ pé etí òsì ló fẹ́ràn kí n fi imú ra. Mo mọ bí ara rẹ̀ ṣe máa ń le kí gìrì tó dé, mo sì ti kọ́ láti dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láìki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, láìfi ẹsẹ̀ rẹ̀ yá iná bí wọ́n ti ń ṣe fún wa ní kékeré.

Ìgbà náà ni mo ṣe àga rẹ̀ àkọ́kọ́. Físíò rẹ̀, ẹni tó ń bá a tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ti sọ fún wa pé ó nílò àga tó máa gbá a mú ní ìhà méjèèjì, kí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ má baà wọ́. Iye tí wọ́n pè é, apá wa kò ká a. Ó wá ní ní Zimbabwe, páálí àti lẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀. Páálí! Mo ń sun páálí nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wọn Àlàó: láti ìdí dé kọ́rọ́ orúnkún, láti orúnkún dé gìgísẹ̀, láti ìdí dé abíyá. Mo gé páálí líle tí a fi ń ṣe èèpo ìwé, mo fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn ní ìpele mẹ́jọ, mo kó ríìmù bébà lé e kí ó má baà ká kò. Ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn. Mo ṣe ìhà méjì tó ga dé abíyá rẹ̀, mo ṣe òpó kékeré sáàárín itan rẹ̀ kí ó má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀, mo gé tábìlì kan tó ní ihò ribiti tó gba ikùn rẹ̀. Mo fi bébà wẹ́wẹ́ bo gbogbo etí rẹ̀, mo fi fánísì kùn ún. Nígbà tí a gbé e sínú rẹ̀, ó kọ́kọ́ ké. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó wo yàrá láti ibi ìjókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí i láìsí pé ẹnì kan gbá a mú. Ó wo fáànù títí.

Òfin wà pẹ̀lú. Èkó ti ṣe ti abirùn láti ọdún 2011, òun ló gbé LASODA kalẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn abirùn. Ti ìjọba àpapọ̀ gba ìbuwọ́lù Ààrẹ Buhari ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ó sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ abirùn lè gbà. Bíríkìlà wa kò dúró de ọdún márùn-ún. Sìmẹ́ńtì àpò mẹ́ta, ọjọ́ Sátidé kan, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ti ní ọ̀nà ìgẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó ló tún ń gbà á jù. Modupe Cole, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún irú àwọn ọmọ yìí, wà ní Akọkà, kẹ̀kẹ́ Márúwá lásán ni láti ọ̀dọ̀ wa, ọdún mẹ́ta sì kọjá lórí wa kí ẹnì kan tó sọ ọ́ létí wa. Gbogbo wa la mọ orúkọ òkè àdúrà. Mo tún gbọ́ nípa ọ̀gá ológun òfuurufú tó ti fẹ̀yìntì, Femi Gbadebo, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Benola sílẹ̀ ní ọdún 2013 nítorí pé ọmọ tiwọn náà ní cerebral palsy. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sọ ọ́ ní gbangba ni mo kọ́kọ́ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ pé mo ní irú ọmọ yìí nílé. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó kángun sí tèmi ní òun náà ní ọmọbìnrin kan. Ọdún mẹ́fà ni a ti jọ ń ṣiṣẹ́.

Mo ṣì ń gbàdúrà kí Àlàó rìn. Mi ò ní í dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbà á pẹ̀lú rẹ̀ lórí itan mi. Ìyá Ìjọ ti darúgbó, wọn kò lè gbé e mọ́, ọmọ wọn obìnrin ló gba ipò wọn. Ìyàwó mi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ padà ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àga kejì ti há mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta wà ní ibi iṣẹ́ mi báyìí, ríìmù mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ti ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ mi yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré díẹ̀ sí i. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, sítáàṣì kò tíì gbẹ. Bí oòrùn bá yọ lọ́la, a ó gbé méjèèjì síta.